Ìkíni Tí Wọ́n Pè Ní Àdàkọ

Wọ́n yọ bàbá mi kúrò nínú orin tí òun fúnra rẹ̀ ta, ó wà láàyè, etí rẹ̀ ò sì di.

Màá sọ bó ṣe rí. N ò ní fi nǹkan kan kún un, n ò sì ní yọ nǹkan kan kúrò. Ilé-iṣẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí n kò ní dárúkọ torí wọ́n mọ ara wọn, gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan jáde. Àgbà onígìtá méjì ló ń ta jáàsì nínú rẹ̀, ní ilé ọtí kan ní Àpápá. Ẹyọ orúkọ kan ni wọ́n kọ sẹ́yìn páálí rẹ̀: Felix. Felix yẹn ni Bàbá Efe wa ní Ajégúnlẹ̀, ó ti dolóògbé. Onígìtá kejì ni Lámídì, bàbá tó bí mi lọ́mọ, tó jókòó ní Amukoko bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní kò sí onígìtá kejì. Wọ́n ní ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ta gìtá méjèèjì, pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi to ọ̀kan lé ìkejì lórí. Ta ló sọ fún wọn? Wọ́n ní etí àwọn ni.

Liverpool ni mo ń gbé. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún ẹgbẹ̀rún méjì ni mo débẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí yunifásítì nínú ìmọ̀ ìṣirò tí ẹnikẹ́ni ò sọ pé kí n mú wá kí àwọn wò. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí kì í ṣe òtútù, wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi nílé. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni. Ní Amukoko, tírélà tó ń lọ sí Àpápá a máa mi ògiri yàrá wa. Àwọn aládùúrà ń kọrin níwájú ilé, ládánì ń pè lẹ́yìn, ẹni tó ń jó irin ń jó irin rẹ̀ láàárín. Ní Liverpool, mo gbọ́ bí fíríìjì mi ṣe ń mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pàdé obìnrin àgbàlagbà kan lórí àtẹ̀gùn. Orúnkún mi ti tẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Obìnrin náà wo ilẹ̀ níwájú mi, ó ní, “Ṣé nǹkan yín jábọ́ ni?” Mo ní rárá. Ó kọjá lọ. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti dé ibi tí ènìyàn ti lè wọlé láì kí ará ilé, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní bínú.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ìfọṣọ: aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn, òkìtì-òkìtì, tí ẹ̀rọ ń pọ̀ jáde tí a sì ń ká. Ọ̀gá wa ń fi orúkọ obìnrin tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí n tó dé pè mí. Mo sọ orúkọ mi fún un. Ó ní, “Ó dáa, mo ti gbọ́,” ó sì tún fi ti obìnrin yẹn pè mí. Mo ń jẹ́ ẹ. Ẹ ò rí i pé èmi náà ti ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tèmi kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé.

Ti ìwé ìgbélùú burú ju ìyẹn lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní kí n sọ bí mo ṣe kúrò nílé. Mo sọ ọ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ẹlòmíràn ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó gbé ti àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, “Nígbà yẹn, o ní òjò ń rọ̀. Lónìí, o ò mẹ́nu ba òjò. Ṣé òjò rọ̀ ni àbí kò rọ̀?” Òjò rọ̀. Kò kàn sí lórí ahọ́n mi lọ́jọ́ yẹn ni. Òjò yìí ló dá ìwé mi dúró títí Bàbá Efe fi kú, tí wọ́n sin ín, tí n kò lè lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. “Ṣé o jẹun?” “Mo jẹun, Bàbá.” “Dúró.” Yóò gbé fóònù lé orí tábìlì ilé ọtí, òun àti Bàbá Efe yóò sì máa ta gìtá lọ. Èmi yóò jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní Liverpool, fóònù létí, bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síta. Nígbà mìíràn, Bàbá Efe yóò gbé fóònù.

“London, how you dey?”

“Bàbá Efe, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò sí ní London, sà. Liverpool ni mo wà.”

“Ìyẹn bọ́ọ̀lù. Ìlú ni mo ní kí o sọ.”

Nígbà náà ni n óò gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín tí kì í rín fún èmi.

Ilé ọtí yẹn wà lẹ́yìn àwọn ọ́fíìsì oníṣẹ́ ọkọ̀ òkun ní Àpápá, níbi tí òórùn epo àwọn táǹkì ńlá kì í kúrò lára ògiri. Àwọn tó ti rẹrù ní wọ́ọ̀fù rí ló ń wá síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, àwọn aṣojú tó ń gba ẹrù jáde náà ń wá. Bàbá Efe ti se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun rí. Inú ọkọ̀ ló ti kọ́ jáàsì lẹ́nu àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tí àwọn atukọ̀ fi sílẹ̀. Òun ló kọ́ bàbá mi. Bàbá mi, tó jẹ́ Mùsùlùmí, mọ́ọ̀tì ló ń mu níbẹ̀. “Lámídì, mọ́ọ̀tì yìí ló jẹ́ kí ọwọ́ ẹ wúwo,” ni Bàbá Efe máa ń wí. “Bòdá Fẹ́lí, bíà yẹn ló jẹ́ kí tiyín máa sáré kiri láì rántí ọ̀nà ilé,” ni èsì bàbá mi.

Wọ́n ní òfin kan, òun sì ni gbogbo ẹjọ́ yìí dá lé. Nínú jáàsì, àsìkò kan máa ń wà tí àwọn yòókù yóò rọ ohùn sílẹ̀ kí ẹnì kan ta ohun tó bá wá sí i lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Sólò ni wọ́n ń pè é. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá parí tirẹ̀, ẹni tó kàn kò gbọdọ̀ kàn já wọ inú orin. Yóò kọ́kọ́ tún gbólóhùn ìkẹyìn tí ẹni àkọ́kọ́ sọ sọ, jẹ́ẹ́jẹ́, kí ó tó yà sí ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó bá wọlé ló ń kí ará ilé. Bàbá mi ń kí Bàbá Efe. Bàbá Efe tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n náà ń kí bàbá mi bí bàbá mi bá ṣáájú. Onígìtá kan wá láti àdúgbò Boundary lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì já wọ inú sólò láì kí ẹnikẹ́ni. Bàbá Efe dìde, ó fa wáyà iná gìtá ọkùnrin náà yọ. “Abúlé tí wọn kì í kíni ló ti wá? Jókòó, mu omi, kí o padà wọlé.” Ọkùnrin náà padà wọlé, ó kí wọn. Kò tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kó tó di pé mo kúrò nílé ni òyìnbó kan gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá síbẹ̀, ó gbé e lé orí kéèsì ọtí. Mo wà níbẹ̀. Bàbá Efe ló ń bá a sọ̀rọ̀ torí òun ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àwọn atukọ̀. Orúkọ Bàbá Efe ni òyìnbó náà gbé lọ, kò béèrè ti ẹlòmíràn.

Ọdún gorí ọdún. Ìṣẹ́gun tí mo lè tọ́ka sí nínú àwọn ọdún náà kò pọ̀. Ọ̀kan ni pé wọ́n gbà níbi iṣẹ́ pé kí n máa yan rédíò tí a ó gbọ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ lè fi rẹ́rìn-ín. Fún mi, ilẹ̀ ni mo gbà. Ọjọ́ Ẹtì kan ni mo yí i sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe jáàsì, mo ń ká aṣọ lọ, mo sì gbọ́ ilé ọtí wa. Mo mọ ìró ìgò lórí tábìlì yẹn kí n tó mọ gìtá. Bàbá Efe ta tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan kí i.

Mo jókòó lé aṣọ mímọ́. Maureen tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní, “Kí ló ṣe ọ́?”

Mo ní, “Bàbá mi ló wọlé yẹn.”

Ó wo ẹnu ọ̀nà.

Mo ra rẹ́kọ́ọ̀dù náà. Mo yí páálí rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo pe Amukoko kí ọjọ́ Àìkú tó pé.

“Ṣé kò sí nǹkan?” Bàbá mi ti gbé e pé ìròyìn burúkú ni.

Mo ní kò sí, pé orin wọn ti di rẹ́kọ́ọ̀dù nílùú òyìnbó, pé wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́.

“Ṣé Bòdá Fẹ́lí dùn níbẹ̀?”

“Wọ́n dùn, Bàbá.”

“Èmi ńkọ́?”

“Ẹ̀yin náà dùn. Ṣùgbọ́n orúkọ yín ò sí níbẹ̀.”

“Bóyá wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́,” ló wí. “Kọ ọ́ fún wọn.”

Ohun tó ní kí n ṣe kò ju ìyẹn lọ.

Kó tó di pé mo kọ ọ́, bàbá mi ti sọ ọ́ fún wọn ní mọ́ṣáláṣí. Onígbàjámọ̀ tó wà níwájú ilé wa wá rẹ́kọ́ọ̀dù náà lórí fóònù rẹ̀, ó gbé e kò ó lójú níwájú àwọn oníbàárà: “Alájì, mo rí Felix. Ẹ̀yin dà? Àbí ẹ̀yin lẹ̀ ń pàtẹ́wọ́?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ló sọ fún mi pé bàbá kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta mọ́.

Mo jókòó, mo wọn sólò méjèèjì síra wọn, bí ẹni tó ń yẹ ìṣirò wò. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn, mo tún un kọ síbí. Bàbá Efe máa ń dé ṣáájú ìlù, bí ẹni tó ń fi àwo oúnjẹ gbígbóná sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà ọkọ̀ tí kò sì da ọbẹ̀ nù. Ó ń lọ láti òkè gìtá dé ìsàlẹ̀, ó ń fa okùn rẹ̀ títí ohùn yóò fi tẹ̀. Bàbá mi kì í kúrò láàárín. Kò lè kúrò: ìka kan ní ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ìkọ́ ẹrù ti ṣe é léṣe ní wọ́ọ̀fù, nínú gbogbo sólò kejì yẹn kò sì sí ibì kan tó nílò ìka náà. Ó ń dúró. Ó dúró débi pé wàá gbọ́ mímí ẹni tó ń ta báàsì, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, lẹ́yìn wọn, wàá rò pé ó ti gbàgbé, kí ó tó fi ohùn kan sílẹ̀ níbi tí o kò fojú sí. Bàbá Efe ń sọ ohun tó mọ̀. Bàbá mi ń wá a kiri. Etí wo ni yóò gbọ́ èyí tí yóò ní ẹnì kan ni?

Èyí tí n kò kọ sí wọn rèé, tó sì ń jẹ mí lọ́kàn. Sólò ti Bàbá Efe ló wù mí jù. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́, màá gbọ́ ti Bàbá Efe tán, àtàǹpàkò mi á sì fo ti bàbá mi. Èmi tí mò ń bá wọn jà pé wọ́n fò ó.

Èsì wọn dé. Ẹnì kan tí wọ́n pè ní onímọ̀ ló kọ ọ́. Ó ní sólò kejì fi ohùn kan náà bẹ̀rẹ̀ níbi tí ti àkọ́kọ́ parí sí, pé kò sí ẹni méjì tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ṣàlàyé ìkíni fún un. Mo ṣàlàyé ìka. Kò fèsì sí ìkankan nínú méjèèjì. Ó ní bó bá jẹ́ bàbá mi ló ta á lóòótọ́, kí ó tún un ta níwájú kámẹ́rà kí àwọn fi wé e.

Kí wọ́n fi wé e. Èmi tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ mi wé ọ̀rọ̀ mi rí, tí mo mọ ohun tí òjò kan ṣe fún mi, èmi ni mo tún pe bàbá mi tí mo ní kí ó ṣe é.

Màmá Efe ló wá láti Ajégúnlẹ̀ wá di fóònù mú fún fídíò náà. Ẹ̀rù ti ń bà mí láti pè é, mo rò pé yóò ní mo fẹ́ gba ohun tó kù fún òun nínú ọkọ òun. Mo ní, “Màmá, ẹ má bínú o.”

“Bínú sí ta? My pikin, ọkọ mi ò lọ́wọ́ mẹ́rin. Tell dem say na two men. Èmi ni mò ń gbé ọbẹ̀ ata tí wọ́n jọ ń jẹ lọ sílé ọtí yẹn.”

Bàbá mi ti múra. Ó wọ agbádá. Ogbó ti jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n nígbà náà, ó sì mú gìtá mọ́ra bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Màmá Efe fi rẹ́kọ́ọ̀dù náà sí i láti orí fóònù kejì kí ó lè gbọ́ ibi tí yóò ti wọlé.

Mo sọ fún un láti ibi tí mo wà, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí wọn. Ibi tí tiyín ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.”

Ó wo ojú fóònù. “Kí n má kí ta?”

“Àwọn òyìnbó yìí ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní ti Bàbá Efe lẹ̀ ń ta.”

“Fẹ́lí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán nínú yàrá yìí. Ìyàwó rẹ̀ ló jókòó yìí. Kí n wá wọlé, kí n má kí i? Ọmọ mi, ta ló tọ́ ọ?”

Màmá Efe ní, “Leave am, jàre. Lámídì, oya.”

Ó kí i. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n lásìkò tó fi ń kí i. Lẹ́yìn náà, ó yà. Kò gba ọ̀nà tó gbà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó dúró pẹ́ ju tàtijọ́ lọ, ó já ohùn kan sílẹ̀, ó padà wá já òmíràn tì í. N ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Nígbà tó parí, Màmá Efe yí fóònù sí ara rẹ̀, ó ń nu ojú, ó ní, “Na two men.” Bàbá mi ní, “Eléyìí dùn ju ti ìjọ́sí lọ,” inú rẹ̀ sì dùn, ó dùn gan-an.

Mo fi fídíò náà ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.

Wọ́n dá a padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù. Wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àdàkọ gbólóhùn Felix, pé ohun tó tẹ̀lé e kò bá sólò kejì mu. Wọ́n kí i gẹ́gẹ́ bí olólùfẹ́ orin Felix láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí.

“Kí ni wọ́n wí?” bàbá mi bi mí lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e.

“Wọ́n ṣì ń gbọ́ ọ, Bàbá.”

“Kí wọ́n má kánjú. Ó gùn díẹ̀.”

Ó ti tó ọ̀pọ̀ ọjọ́ Àìkú tí mo ti ń fún un ní èsì yìí. Ó ti padà sórí bẹ́ǹṣì. Ó ti sọ fún onígbàjámọ̀ pé àwọn òyìnbó ṣì ń gbọ́ ọ. Bí mo bá sọ òtítọ́, màá tún lé e wọlé. Bí n kò bá sọ ọ́, mo di ọ̀kan lára ẹ̀yin tí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Nílé, wọ́n ń pè mí ní ará London. Níhìn-ín, wọ́n ń fi orúkọ ẹlòmíràn pè mí. Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé pé kò lè yí padà ni pé mo mọ ẹni tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀. Òun náà lẹ wá ní kí n mú ẹ̀rí rẹ̀ wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ gbé rẹ́kọ́ọ̀dù yìí jáde, ẹ dá mi lóhùn ní gbangba. Kì í ṣe owó ni mò ń béèrè. Ta lẹ bi léèrè ní Àpápá kí ẹ tó kọ orúkọ kan ṣoṣo? Kí ló dé tí ẹ kò fèsì lórí ìka tí kò ṣeé tẹ̀? Ṣé ẹ ti ní kí onígìtá yín kan tún sólò tó ta lọ́jọ́ kan ta rí, ní ẹyọ ohùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó gbà pé òun ló ta á? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi. Obìnrin tó jẹ́ ìyàwó Felix gan-an wà nínú fídíò tí mo fi ránṣẹ́, ó la ẹnu rẹ̀ sọ níparí pé ọkùnrin méjì ni: èwo nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò yé yín? Bí ẹni tó ta sólò kejì kì í bá ṣe Lámídì ti Amukoko, ta ni? Ẹ kọ orúkọ ẹni náà síwájú mi, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n.